Nọ́ńbà Tí Kò Bára Mu

Bí ìdánwò WAEC bá ti ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ń há sórí. Ọ̀kan á máa rìn lọ rìn bọ̀ lábẹ́ igi, ìwé wà lọ́wọ́, ẹnu ń lọ wuyẹwuyẹ: methyl orange nínú álíkálì, yẹ́lò, nínú ásíìdì, pupa, ibi tí wọ́n ti pàdé, àwọ̀ ọsàn. Bu amóníà díẹ̀ sí iyọ̀ kọ́pà, ohun búlúù kan á dì sísàlẹ̀. Bí amóníà bá pọ̀ sí i, ohun náà á yòrò, omi rẹ̀ á wá dúdú bí aró. Ó mọ̀ ọ́n láti òkè délẹ̀. Bi í léèrè ìgbà tó rí i kẹ́yìn, á rẹ́rìn-ín. Kò rí i rí. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yàrá kan tí wọ́n kọ Laboratory sí lára ilẹ̀kùn, àmọ́ àga tó ti kán ni wọ́n ń kó síbẹ̀.

N kò bá ọmọ náà wí. Kẹ́míkà ti gbówó lórí, omi ẹ̀rọ kò yọ, tíṣà kan ṣoṣo ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ tó kún kíláàsì dé ẹnu ọ̀nà. Fún àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà láti ìta, WAEC fúnra rẹ̀ ní èyí tí wọ́n ń pè ní Alternative to Practical, orí ìwé sì ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, tó ti ń parí.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. A sábà máa ń pa òwe yìí nígbà tí ẹnìkan bá ti ibi àríyá dé, tó ń ròyìn bí ìlù ṣe dún àti bí aṣọ ṣe pọ̀ tó, tí ẹni tó jókòó sílé sì ń mi orí. Bó bá mọ síbẹ̀, ohun tí òwe náà ń sọ kò ju pé ẹni tó lọ gbádùn ju ẹni tí kò lọ. Ó jù bẹ́ẹ̀. Òwe náà kò pe ìròyìn ní irọ́. Ó ní kò tó ni. Ibo gan-an ni kò ti tó?

Ẹ jẹ́ ká dúró ti tábìlì tí wọ́n ti ń ṣe titration, ìyẹn kíkán ásíìdì sí álíkálì títí àwọ̀ yóò fi yí, ká lè mọ iye tó lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ásíìdì fúnra rẹ̀ ṣan burette, ọ̀pá gíláàsì onínọ́ńbà tí ásíìdì ti ń kán, nítorí pé bí omi bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀, á là á. Ìgò tí álíkálì yóò wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Omi mímọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣan ìyẹn. Bí wọ́n bá fi álíkálì ṣan án, èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò á di ènì tí kò sí nínú ìṣirò. Pipette á fa 25 cm³ álíkálì, ẹ̀kán methyl orange méjì á tẹ̀ lé e. Ọwọ́ kan á di ẹnu burette mú, ọwọ́ kejì á máa yí ìgò. Níbi tí ásíìdì bá kán sí, pupa á yọ fẹ́ẹ́, á sì parẹ́. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ni pupa náà ń lọ́ra láti parẹ́. Ibẹ̀ ni ọwọ́ tí kò ṣe é rí ti ń ṣìṣe. Ọmọ á rò pé ó ṣì kù díẹ̀, á yọ̀ǹda ẹ̀kán kan tàbí méjì sí i, gbogbo omi á sì di pupa fòò. Ó ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró.

Ó ka nọ́ńbà rẹ̀, 25.40. Ó tún un ṣe, 24.60. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, 24.20. Kí ló dé tí wọn kò bára mu? Bó bá gbàgbé funnel sórí burette, ìyókù ásíìdì á máa jò sínú rẹ̀, nọ́ńbà á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Bí atẹ́gùn bá há sẹ́nu burette nígbà tó bẹ̀rẹ̀, tó sì bọ́ kúrò kó tó parí, nọ́ńbà á pọ̀ jù. Omi inú burette náà máa ń tẹ̀ wọnú láàárín. Ìsàlẹ̀ ibi tó tẹ̀ náà ni a ń kà, ojú sì gbọdọ̀ bá a dọ́gba, kì í ṣe kéèyàn dúró sókè kó máa yọjú wò ó. Ọmọ náà á tún burette ṣan, á yọ funnel, á lọ́ra sí i, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó há a sórí kò ní wàhálà yìí. Àtìgbà àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tirẹ̀ ti ń bára mu: 24.50, 24.60, 24.50. Ó ti gbọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ jìnnà síra ju 0.20 lọ, ó sì kọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìròyìn kò ti tó nìyẹn. Ìròyìn kì í bá ẹni tó há a sórí jiyàn. Ásíìdì inú burette máa ń jiyàn.

Àwọn tó ṣètò ìdánwò náà mọ èyí. Wọ́n ní kí tíṣà fi ásíìdì àti álíkálì ọjọ́ yẹn ṣe titration náà fúnra rẹ̀, kó fi iye tó rí ránṣẹ́, òun ni wọ́n sì fi ń wọn ti ọmọ. Inú yàrá ìdánwò ọjọ́ yẹn ni ìdáhùn wà, kò sí nínú ìwé kankan. (Pé ìdáhùn ọ̀hún lè ti ẹnu tíṣà jò sétí ọmọ kí aago tó lù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn.)

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan. Ní nǹkan bí ọdún 1951, Richard Feynman, ará Amẹ́ríkà tó wá gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 1965, lọ kọ́ni ní Rio de Janeiro ní Bùràsíìlì. Ó ròyìn ohun tó bá níbẹ̀ sínú ìwé Surely You're Joking, Mr. Feynman!, tó jáde ní 1985. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ òfin ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu, àmọ́ nígbà tó ní kí wọ́n wo omi òkun tí ìmọ́lẹ̀ ń tàn lára rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, wọn kò mọ̀ pé omi yẹn ni òfin ń wí. Ó ṣí ìwé tí wọ́n ń kà, ó bá ọ̀rọ̀ gbọọrọ kan níbẹ̀, triboluminescence, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá fọ́ kírísítà. Ó ní ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ká ní ìwé náà sọ pé kéèyàn fi ẹ̀mú fọ́ ṣúgà oníhóró nínú òkùnkùn, kó wo búlúù tí yóò kọ mànà, ẹnìkan ìbá délé kó gbìyànjú rẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti bọ́ọ̀lù. Ibì kan ṣoṣo ni ìwé náà ti kọ èsì ìdánwò sílẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó ń yí lọ sísàlẹ̀ lórí pákó tí wọ́n gbé dagun. Nọ́ńbà wà níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ bu àṣìṣe díẹ̀díẹ̀ sí i kó lè jọ òótọ́, síbẹ̀ téèyàn bá ṣírò wọn, á bá òfin mu rẹ́gí. Feynman ní irọ́ ni. Bọ́ọ̀lù tó ń lọ sísàlẹ̀ tún ń yí ara rẹ̀, yíyí yẹn sì ń jẹ nínú agbára rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é lóòótọ́ kò ní rí ju ìdá márùn-ún nínú méje ohun tí ìwé wí. Ẹni tó kọ ìwé náà kò yí bọ́ọ̀lù kankan. Bọ́ọ̀lù gidi ni ìbá tú u fó.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká sọ ojú di òrìṣà. Àwọn àgbà tó pa òwe ìròyìn yẹn kan náà ló ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ní Oṣù Kejìlá 1612 àti Oṣù Kìn-ín-ní 1613, Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀, ń fi awò rẹ̀ wo Júpítà ní Ítálì, ó sì ń ya àwọn ìràwọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ìràwọ̀. Neptune ni, pílánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ó wà. Ó tilẹ̀ ṣàkíyèsí pé ó dà bíi pé ó sún. Ó rí i kòrókòró, kò mọ ohun tó rí.

Ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn náà kí ìwé tó wá ran ojú lọ́wọ́. Uranus, pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, kò rìn bí ìṣirò ṣe ní kó rìn. Ojú ọ̀run ń bá ìwé jiyàn. Urbain Le Verrier ní Paris ṣírò ibi tó yẹ kí ohun tó ń fà á wà, ó sì kọ lẹ́tà sí Johann Galle, onímọ̀ ìràwọ̀ ní Berlin. Lẹ́tà dé ní ọjọ́ 23, Oṣù Kẹsàn-án 1846. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Galle ń wojú ọ̀run, ó ń pe ìràwọ̀ tó bá rí, Heinrich d'Arrest tó ń ràn án lọ́wọ́ sì ń fi wọ́n wé máàpù ìràwọ̀, títí wọ́n fi kan ọ̀kan tí kò sí níbẹ̀. Kò tó digírì kan sí ibi tí Le Verrier ní kí wọ́n wò. Ní Cambridge, James Challis ti rí i lẹ́ẹ̀mejì ní Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò fi àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan wé ti èkejì, ó sì kọjá lára rẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ ọmọ tó ń há methyl orange sórí lábẹ́ igi kì í ṣe iṣẹ́ òfò. Ohun tí d'Arrest dì mú lòun náà dì mú. Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan rí á rí àwọ̀ ọsàn nínú ìgò, kò sì ní mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kí òun ti dúró. Awò ni a kò fún un.

Àwọn kan ní fóònù ti yanjú ọ̀rọ̀ náà, pé fídíò titration kún YouTube. Ó sàn ju ìwé lọ, mo gbà. Àmọ́ ẹni tó ya fídíò lè ti gé ìgbà tí omi di pupa fòò mọ́ ọn lọ́wọ́ kúrò, kó jẹ́ èyí tó gún régé nìkan ló fi hàn. Àfojúbà ẹlòmíràn ni, ó sì ti padà di ìròyìn kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Kò dìgbà tí ìjọba bá kọ́ láàbù kí ọmọ tó fojú ara rẹ̀ rí i. Ìṣápá tí a fi ń ṣe sóbò wà lọ́jà. Omi rẹ̀ pupa nínú ohun kíkan, bí omi eérú bá kán sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí àwọ̀ ewé. Síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́, tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ní ìlà mílílítà lára. Kí tíṣà pín kíláàsì ní mẹ́rin mẹ́rin, kí wọ́n wọn omi eérú mílílítà márùn-ún sínú ife, kí wọ́n ṣọ́jú torí pé ó ń ta, kí wọ́n bu sóbò díẹ̀ sí i, kí wọ́n wá fi síríńjì kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i títí yóò fi pọ́n, kí wọ́n kọ iye tó lọ. Kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí nọ́ńbà ẹgbẹ́ kan bá bára mu láìyẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí tíṣà lọ dúró tì wọ́n, kó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹgbẹ́ tí tiwọn kò bára mu ni kó kọ́kọ́ pè síwájú pátákó, kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n rò pé ó fà á.