Ìwádìí Tí Kò Dé Yàrá Ìbímọ

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ní ọdún 2023, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà, New England Journal of Medicine, gbé àbájáde ìwádìí E-MOTIVE jáde. Ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é, fún àwọn abiyamọ tó lé ní 210,000. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì òṣùwọ̀n sábẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí agbẹ̀bí lè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, kó má fi ojú lásán díwọ̀n. Bó bá ti pọ̀ jù, gbogbo ìtọ́jú á bẹ̀rẹ̀ pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, ewu ìsun-ẹ̀jẹ̀ ńlá, iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀ tàbí ikú fi 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ibòmíràn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ń ka iye ìgbà tí a dárúkọ ìwé wọn, wọ́n ń fi í gba ìgbéga. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹnu dùn ún ròfọ́! Lára àwọn obìnrin wa ni ẹ̀kọ́ yìí ti jáde. Ẹ̀tọ́ wọn ni kó padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka wa béèrè lọ́wọ́ ìjọba, ní gbogbo ilé ìgbẹ̀bí: ọ̀rá náà dà? Oògùn ńkọ́? Agbẹ̀bí mélòó ló wà lẹ́nu iṣẹ́? Iye ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ délé láyọ̀ ni àwa fi ń díwọ̀n ìwádìí.