Ohùn Ọlọ́jà
Kò sí ọlọ́jà tí yóò ní ọjà òun kò dára. Ìpolówó ti mú kí ọ̀pọ̀ ìyá gbàgbọ́ pé mílíìkì inú agolo sàn ju ọmú lọ. Owó kò tó, wọ́n bu omi lù ú. Omi kò mọ́, ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe gbé ìlànà kalẹ̀ ní 1981, tí Nàìjíríà sì ṣòfin lórí ìpolówó bẹ́ẹ̀ ní 1990.

Isaiah 55:2 bi wá ìdí tí a fi ń náwó sórí ohun tí kì í tẹ́ni lọ́rùn. Ẹ̀yin ìyá Odò-Ọwá, ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fi ọmú ṣe. Bí rédíò bá tún polówó ọjà, ẹ bi ara yín: ṣé ilé wa nílò rẹ̀, àbí ohùn ọlọ́jà ló ń pè wá? Kí Olúwa fún wa lọ́gbọ́n. Àmín.