Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ẹ Fi Àwọ̀n Mi Sílẹ̀ Jàre

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀ o. Ẹni tó bá ń kánjú, kó kọjá, kó padà wá kà á lálẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo gbé fọ́tò kan síbí: àwọ̀n dúdú lórí páìpù, kápẹ́ẹ̀tì kékeré nílẹ̀, èmi pẹ̀lú ọ̀pá gọ́ọ̀fù lọ́wọ́, ní ẹ̀yìnkùlé ilé tí mò ń gbé ní Lanham. Fọ́tò lásán ni mo pè é. Kí n tó jí lọ́jọ́ kejì, ẹ ti dá ẹjọ́ mi tán. Ẹnì kan ní ṣé ẹja ni mo fẹ́ fi àwọ̀n pa lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹlòmíì ní eré àwọn tó ti rí ṣe ni gọ́ọ̀fù, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí owó oṣù ẹ̀ ò tó ná lọ jókòó jẹ́jẹ́. Ẹnì kẹta ní kí n lọ parí tíísìsì mi ná. Èyí tó wá wọ̀ mí lára jù ni ti ọ̀rẹ́ wa kan ní Bowie, tó ra simulator, ẹ̀rọ tó ń fi pápá gọ́ọ̀fù hàn lára ògiri, sí basement rẹ̀. Ó ní bí n ò bá lówó ojúlówó, kí n yéé fi ayédèrú dójú tì wá.

Ó dáa. Mo ti gbọ́. Ó wá kan èmi náà, màá sì sọ tèmi láìfepo bọyọ̀. Irọ́ mẹ́ta ló wà nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn.

Irọ́ kìíní ni pé gọ́ọ̀fù kì í ṣe tiwa.

Ṣé ẹ mọ igi kékeré tí wọ́n máa ń gún mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé bọ́ọ̀lù lé e, tí wọ́n ń pè ní tee? Láyé àtijọ́, iyanrìn tútù ni wọ́n ń bù, tí wọ́n á mọ bí òkìtì kékeré, kí bọ́ọ̀lù lè jókòó lé e. Lọ́dún 1899, dókítà eyín kan tó jẹ́ ènìyàn dúdú, George Franklin Grant, tó ti ṣe olùkọ́ ní Harvard, gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí tee onígi tó ronú kàn fúnra ẹ̀. Kò tiẹ̀ tà á. Ńṣe ló ń pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbá gọ́ọ̀fù. Ẹni tó bá sọ pé àfọwọ́ṣe ò sí nínú gọ́ọ̀fù, kó lọ sọ fún Dókítà Grant.

Ẹ jẹ́ ká súnmọ́ ilé. Ní Washington tó múlé gbè wá níbí, àwọn obìnrin dúdú dá ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Wake-Robin sílẹ̀ lọ́dún 1937. Nígbà yẹn, àwọn pápá ìjọba tó dáa, àwọn òyìnbó nìkan ni wọ́n là á sílẹ̀ fún. Àwọn obìnrin yìí ò sọ pé ó dìgbà táwọn bá dé ipò kan. Wọ́n kọ̀wé sí Harold Ickes, mínísítà tí ọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1939, wọ́n ṣí pápá Langston fún àwọn ènìyàn dúdú, oníhò 9. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n fún wọn? Orí ààtàn ni. Ibi tí wọ́n ti ń dalẹ̀ tẹ́lẹ̀! Wọ́n sì gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀, wọn ò sì dẹwọ́ ìjà, títí Ickes fi pàṣẹ lọ́dún 1941 pé kí wọ́n ṣí gbogbo pápá ìjọba ìlú náà fún tẹrú-tọmọ. Àwọn èèyàn kọ́ eré yìí lórí ààtàn, ẹ wá ń fi kápẹ́ẹ̀tì àlòkù mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Òfin ẹgbẹ́ PGA tó ní aláwọ̀ funfun nìkan ló lè wọ ẹgbẹ́, ọdún 1961 ni wọ́n tó fà á ya. Lee Elder, tí òun àti ìyàwó ẹ̀ wá bójú tó Langston lẹ́yìn náà, lòun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gbá nínú ìdíje Masters, lọ́dún 1975. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1971, kí Masters tó ṣílẹ̀kùn fún un, níbo ló ti lọ gbapò kìíní? L'Ékòó ni! Nigerian Open ló gbà. Ilẹ̀ wa ti bá ọkùnrin yìí pàtẹ́wọ́ nígbà tí ìlú ẹ̀ ṣì ń wò ó láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

Ní county wa níbí ńkọ́? Paint Branch wà ní College Park, oníhò 9. Henson Creek wà ní Fort Washington, oníhò 9 lòun náà. Enterprise wà ní Mitchellville, oníhò 18. Gbogbo wọn ló wà lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìgbafẹ́. Pápá gbogbo ayé ni wọ́n. Kò sẹ́ni tí yóò bi yín pé ta ni bàbá yín kí ẹ tó wọlé, ẹ ṣáà sanwó tó wà lójú pátákó.

Irọ́ kejì ni pé àfi kéèyàn rà á.

Ẹ jẹ́ n ka iye tí mo ná. Àwọ̀n, dọ́là 55. Páìpù irin àti àwọn ìsopọ̀ rẹ̀, 38. Fóòmù tí wọ́n fi ń wé páìpù omi nígbà òtútù, 9. Ọ̀pá gọ́ọ̀fù àlòkù méjì, iron 7 kan àti putter kan, 16. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ dọ́là 118. Plywood àti kápẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ẹnì kan tó ń tún ilé ẹ̀ ṣe ládùúgbò ni mo ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fẹ́ kó o dànù.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀pá tó gùn jù lọ́wọ́ yín, kí ẹ fì í jẹ́jẹ́ yíká, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó máa kan igi, ògiri tàbí àjà. Basement tiwa ò ga tó, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé tèmi síta. Ẹ fi bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sílẹ̀ láàárín ibi tẹ́ ẹ dúró sí àti àwọ̀n. Ẹ má dojú ẹ̀ kọ ilé aládùúgbò, ẹ ò mọ ọjọ́ tí ọwọ́ máa yẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ ri òpó, ẹ pe 811 ṣáájú, kí wọ́n wá fi àmì sí ibi tí wáyà àti páìpù gáàsì gbà kọjá. Bí àdúgbò yín bá ní ẹgbẹ́ onílé, ẹ ka ìwé òfin wọn kí wọ́n tó fi lẹ́tà kí yín.

Àwọ̀n ńkọ́? Ẹ má fà á le bí awọ gángan. Tó bá le, ńṣe ló máa dá bọ́ọ̀lù padà fún yín. Ẹ jẹ́ kó dẹ̀, kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ wọ́ nílẹ̀, kí bọ́ọ̀lù wọnú ẹ̀ kó kú síbẹ̀. Èmi tún fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó kọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Ẹ má sì gbá a lórí kọnkéré lásán, torí bí ọ̀pá bá ti ń kọlu ilẹ̀ líle, ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá yín ni yóò san gbèsè náà. Plywood nísàlẹ̀, nǹkan rírọ̀ láàárín, kápẹ́ẹ̀tì lókè, ó parí. Táwọn ọmọdé bá wà nítòsí, bọ́ọ̀lù fóòmù ni kẹ́ ẹ lò.

Mo jẹ́ ẹ̀bi ibì kan o, mi ò ní fi pamọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò tíì wé fóòmù mọ́ páìpù. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ò wúwo ju gíráàmù 46 lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá lè mú un sáré ju máìlì 100 ní wákàtí. Ọ̀kan ba páìpù iwájú, ó ta padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá fìrì, ó sì fọ́ fèrèsé ilé ìdáná. Dọ́là 140 ni mo fi tún un ṣe. Fèrèsé yẹn wọ́n ju gbogbo pápá gọ́ọ̀fù mi lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ó léwu, ẹ jàre níbẹ̀ yẹn. Àmọ́ fóòmù dọ́là 9 ló yanjú ẹ̀.

Mo tún gbà fún ọ̀rẹ́ mi tó ni simulator: àwọ̀n ò lè sọ ibi tí bọ́ọ̀lù ì bá lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fín pàúdà ẹsẹ̀, irú èyí tó wà nínú agolo, sí ojú ọ̀pá. Bẹ́ ẹ bá ti gbá a, ojú ibi tó ti bà á máa hàn kedere, ẹ ó mọ̀ bóyá àárín ló bà àbí etí. Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, bọ́ọ̀lù tó ń bà ọ́ létí ọ̀pá, ẹ̀rọ ẹgbẹ̀rún mélòó kan dọ́là ò ní bá ọ gbé e padà sáàárín.

Ẹ gbọ́ èyí tí kò tiẹ̀ ní náni ní kọ́bọ̀. Lórí pápá tí par rẹ̀ jẹ́ 72, gbígbá méjì lórí ihò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kà sí ti putt, ìyẹn gbígbá jẹ́jẹ́ tó ń mú bọ́ọ̀lù wọ ihò. Ihò 18 lọ́nà méjì, 36 nìyẹn. Ìdajì eré gééré! Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé lèèyàn sì ti lè kọ́ ọ. Ihò gọ́ọ̀fù fẹ̀ tó íǹṣì 4.25. Ife tíì ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ máa gbá bọ́ọ̀lù sí i láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ẹni tó bá ti ń rí ife tíì gbá bẹ́ẹ̀, ihò gidi á dà bí abọ́ ìfọṣọ lójú ẹ̀.

Irọ́ kẹta ló ń dùn mí jù, torí òun ló ń jẹ wá run: “Tí mo bá ti dé.”

Tí mo bá gboyè tán. Tí green card bá jáde. Tí mo bá ra ilé. Tí àwọn ọmọ bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìgbà yẹn ni màá sinmi, ìgbà yẹn ni màá ṣeré. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé wa láti Lanham dé Bowie, láti Mitchellville dé Upper Marlboro. Koríko tutù yọ̀yọ̀, ẹni tó ń gé e nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́. Onílé wà níbi iṣẹ́, ó ń wá owó tí yóò fi san gbèsè ilé tí kò ráyè gbé.

Ẹ̀gbọ́n tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, iṣẹ́ òru ni wọ́n ń ṣe. Àwọn lẹni àkọ́kọ́ tó fi àwọ̀n mi rẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jáde wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n ní, “Gbé e wá ná.” Bí wọ́n ṣe di ọ̀pá yẹn mú báyìí, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wọnú àwọ̀n, pọ̀! Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti kọ́ ọ?” Wọn ò dáhùn títí wọ́n fi gbá bíi mẹ́wàá.

Wọ́n wá sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà ní sẹ́kọ́ńdírì n'Ìbàdàn, àpò ni àwọn ń gbé fún àwọn ọ̀gá lórí pápá gọ́ọ̀fù. Owó ẹ̀ ni wọ́n fi san owó ìdánwò WAEC. Bí àwọn ọ̀gá bá ti lọ tán nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ tó ń gbé àpò á gbé igi gúáfà tí wọ́n ti gbẹ́ jáde, wọ́n á fi máa gbá bọ́ọ̀lù tó ti sán. Mo ní, “Ọdún 18 lẹ ti lò níbí, kí ló dé tẹ́ ò gbá a?”

Wọ́n ní, “Mo rò pé ó dìgbà tí mo bá lè sanwó ẹgbẹ́ bíi tiwọn ni.”

Ọdún 18! Paint Branch ò sì jìnnà sí ilé yìí rárá. Ọkùnrin tó ti mọ̀ ọ́n gbá láti kékeré, òun fúnra ẹ̀ ló dá ara ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, torí pé wọ́n ti kọ́ ọ pé àpò nìkan ni ọwọ́ ẹ̀ wà fún. Ohun tẹ́ ẹ ń kọ sábẹ́ fọ́tò mi nìyẹn, bẹ́ ẹ tiẹ̀ ń rò pé àwàdà lẹ̀ ń ṣe. Àwọn tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa ti lọ tipẹ́, àwa la wá dúró, tá à ń bá wọn ṣọ́ kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n parí tíísìsì, ìṣẹ́jú 15 ni mò ń lò lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí fóònù kẹ́ ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní kí n fi gọ́ọ̀fù wá àwọn èèyàn ńlá, ẹ ṣeun, àmọ́ kò sí èèyàn ńlá kankan nínú àwọ̀n mi. Eré ni mò ń fi ṣe.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, bí òjò ò bá rọ̀, èmi àti Ẹ̀gbọ́n ń lọ sí Paint Branch, ihò 9 péré. Àwọn ló máa kọ́kọ́ gbá. Èmi ni màá gbé àpò wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá mi jà, àyè wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ kàn jọ̀ọ́, ẹ má tún bi mí léèrè ẹja mọ́.