Ìdánwò Tí Kì Í Béèrè Ohun Tí A Há Sórí

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí láyè kí n bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. A máa ń rí ọmọ wa tó gboyè jáde ní yunifásítì, tó ní òun fẹ́ di lọ́yà. Inú gbogbo wa á dùn. Àwọn ìyá á ti máa pè é ní "Lọ́yà wa" kó tó kúrò níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n bó bá délé, òun náà ni yóò gbé àbúrò rẹ̀ lọ síléèwé, òun ni yóò se oúnjẹ, òun ni yóò tún lọ ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ìgbà tí oorun bá ti ń gbé e lọ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwèé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èsì jáde, máàkì kò tó, a sì ní ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀yin ará, ọ̀tá kọ́.

Ìdánwò tí mò ń sọ ni LSAT, tí àwọn iléèwé òfin ní Amẹ́ríkà àti Kánádà fi ń yan àwọn tí wọn yóò gbà wọlé. Láti ọdún 1948 ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwa tí a ṣe WAEC àti JAMB nílé rò pé ìdánwò kan náà ni gbogbo ìdánwò: kà á, há a sórí, lọ tú u sílẹ̀. LSAT kì í béèrè òfin kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kì í béèrè ìtàn, kì í béèrè ìṣirò. Ohun tó ń béèrè ni pé, ọ̀rọ̀ tí ẹ kà yìí, ṣé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀? Bí kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ibo ló ti mẹ́hẹ?

Èmi pàápàá jẹ̀bi. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń múra sílẹ̀, mo ra ìwé gbàǹgbà kan fún un, mo ní kó kà á láti orí dé ìdí lẹ́ẹ̀mejì. Ó kà á. Máàkì tó gbà lẹ́yìn náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo jókòó tì í ni mo rí ohun tó ń ṣe: á dáhùn ìbéèrè, á wo ìdáhùn lẹ́yìn ìwé, á fa ìlà pupa sí èyí tó kùnà, á sì kọjá lọ.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí mo ṣe fúnra mi. Akápò ìjọ kan sọ pé: "Láti ìgbà tí a ti kó wá sí ilé tuntun yìí ni owó ọrẹ ti ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ilé tuntun yìí ló mú ọrẹ pọ̀." Wọ́n wá béèrè pé, èwo ló jin ọ̀rọ̀ akápò lẹ́sẹ̀ jù lọ? Èkíní ní ilé náà wọ́n gan-an. Èkejì ní àwọn àgbà ìjọ kan kò fẹ́ kí wọ́n kó. Ẹ̀kẹta ní oṣù tí ìjọ kó gan-an ni ogún ìdílé láti ìjọ mìíràn dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹni tó ń kánjú lè mú èkejì, torí pé ó dà bí àtakò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó tako kíkó ni wọ́n ń wá. Ohun mìíràn tó lè mú owó pọ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹ̀kẹta ni.

Bí ẹ bá kùnà irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ bo ìdáhùn mọ́lẹ̀. Ẹ padà sí i láìwo aago. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ìdí tí ẹ̀kẹta fi tọ̀nà, kí ẹ sì sọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yòókù kò fi tọ̀nà, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tún padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ tó ń gbé máàkì sókè nìyẹn. Àwọn baba wa tó ń gbọ́ ẹjọ́ nílé mọ iṣẹ́ yìí, àwọn ló ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń gba àkókò. Ìdánrawò kan ṣoṣo lè gba ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ẹni tó ti iṣẹ́ alẹ́ dé kò sì lè ṣe é pẹ̀lú ojú oorun.

Nípa ti aago: apá mẹ́rin ni ìdánwò náà, ìṣẹ́jú 35 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ni wọ́n ń máàkì, méjì lórí irú ìrònú tí mo sọ yìí, ọ̀kan lórí àyọkà gígùn. Ẹ̀kẹrin ni wọ́n fi ń dán ìbéèrè tuntun wò, wọn kò sì ní sọ èwo ni fún yín. Máàkì bẹ̀rẹ̀ láti 120, ó parí sí 180. Ìdáhùn tó kùnà kì í dín in kù, nítorí náà ẹ má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ láìdáhùn. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe láìsí aago, kí ẹ tó fi aago sí i. Ẹ má sì sọ pé ẹ kàn fẹ́ lọ wò ó bó ṣe rí. Ẹ̀ẹ̀meje péré ni wọ́n gba ènìyàn láyè láti ṣe é láyé rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé àlòkù o. Apá kan wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní logic games: ẹni méje, àga méje, Adé kò gbọdọ̀ jókòó ti Òjó, ta ni yóò wà láàárín? Yíya àwòrán sórí ìwé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yanjú rẹ̀. Ọkùnrin kan tí kò ríran, ará Michigan, wà lára àwọn tó pe LSAC, àjọ tó ni ìdánwò náà, lẹ́jọ́ pé èyí kò tọ́ sí afọ́jú. Ní ọdún 2019 wọ́n parí ẹjọ́ náà ní ìtùnbí ìnùbí, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún 2024, apá náà kúrò nínú ìdánwò fún gbogbo ènìyàn. Ìwé tó bá ṣì ń kọ́ yín ní games ti kọjá àkókò rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó kàn yìí lè bí àwọn kan nínú: ẹ má mú ọmọ tó ní ìdánwò lọ́la wá sí àìsùn. Kí àwa yòókù wá. Kí òun lọ sùn.

Ní oṣù mélòó kan tó fi ń múra, kí ẹlòmíràn gba oúnjẹ sísè àti gbígbé ọmọ lọ síléèwé lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá àwọn ọmọdé nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣófo láti Mọ́ńdè títí dé Fúráìdè. Kí ló dé tí a kò ṣí i fún wọn? Àwọn ọmọ olówó ń lọ sí kíláàsì tó ń gbà ju ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lọ, máàkì tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ni àwọn iléèwé sì ń wò láti fún wọn lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó ti ní ló tún ń gbà sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ìdánwò gidi kan wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí LawHub, ti LSAC fúnra wọn, fún ẹnikẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀.

LSAC sì tún máa ń yọ̀ǹda owó ìdánwò fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan. Mo ti gbọ́ tí òbí kan ní a kì í ṣe alágbe, pé òun yóò yá owó náà. Èwo ni ti ìtìjú nínú fọ́ọ̀mù? Ẹ béèrè fún un, kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó sanwó, nítorí wọn kì í dá owó tí ẹ bá ti san padà.