Òfin Iná Sísun Kò Mọ sí Oko

Olóòtú Ọ̀wọ́n,

Ẹ kọ ọ́ pé òfin iná sísun kò kan ará Èkó, pé ti àgbẹ̀ tó ń tiná bọ igbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2011, tí NESREA, àjọ tó ń rí sí òfin àyíká, ń mójú tó, dárúkọ iná igbó àti iná ìta gbangba pọ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwa ará Ìjọra, tí àgbá epo Àpápá kò jìnnà sí, tí ilé pákó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ ní Bàdíà wa, mọ ohun tí iná pàǹtí àti táyà lè dà bí ọyẹ́ bá fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kọ, kí ẹ sì tẹ 767 àti 112, tí a fi ń pe panápaná, sí i gàdàgbà.

Òǹkàwé yín,
Ìjọra.