"Bíréèkì ló já": Àlàyé tí kò tó lórí ọ̀rọ̀ tírélà

Bí tírélà bá ya bàrá wọ inú ọjà, tàbí tó gun orí bọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó kó àwọn tó fara pa dé ọsibítù ni àlàyé á ti jáde: "Bíréèkì ló já." Ní Ìlódè, bíi ti àwọn àdúgbò Ilé-Ifẹ̀ yòókù, gbólóhùn yìí kì í ṣòro gbà. Àwọn èèyàn á mi orí, wọ́n á gbàdúrà pé káwọn má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, kálukú á bá tiẹ̀ lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bèèrè pé ìgbà wo gan-an ni bíréèkì ọ̀hún ti ń bàjẹ́ bọ̀, àti pé ibo ni ojú awakọ̀ wà.

Afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ nínú bíréèkì tírélà. Géèjì tó ń fi hàn bóyá afẹ́fẹ́ ọ̀hún ń lọ sílẹ̀ wà níwájú awakọ̀. Lára ọkọ̀ tí wọ́n tọ́jú dáadáa, bí afẹ́fẹ́ bá jò tán, ńṣe ni sípíríǹgì máa di táyà mú kí ọkọ̀ lè dúró. Tírélà tó wá ń sá lọ láìní bíréèkì, ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún olówó rẹ̀ pé ara òun ò yá. Ẹni tó ń wà á lè má wo géèjì, ẹni tó ni ín sì lè ti sọ fún mẹkáníìkì pé "ṣì mánéèjì ẹ̀ ná."

Ti kọ́ńtẹ́nà tiẹ̀ tún burú, torí òun ò nílò kí bíréèkì já rárá. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 2015, kọ́ńtẹ́nà já bọ́ látorí afárá Ojúẹlẹ́gba l'Ékòó, ó pa èèyàn 3. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kìíní 2023, òmíràn tún wó lu bọ́ọ̀sì akérò ní Ojúẹlẹ́gba kan náà, ẹ̀mí 9 sì bọ́. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìsàlẹ̀ kọ́ńtẹ́nà ló ní ihò tí irin ara tírélà máa ń wọ̀, tí wọ́n á wá yí irin náà kó lè tì pa. Bí wọn ò bá yí i, ìwúwo ẹrù nìkan ló ń dì í mú, kọ́nà kan péré sì tó láti dà á nù. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yí irin yìí o.

Ará Ìlódè tó ń lọ sí Ìbàdàn lè ní Èkó jìnnà. Àmọ́ bó bá ti kọjá Gbọ̀ngán, tó dorí kọ Ìkirè àti Aṣejírè, àárín tírélà àti táńkà lòun náà wà. Òfin ìrìnnà ní kí irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ má sáré ju kìlómítà 60 ní wákàtí kan lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí ọkọ̀ tó bá ń wọ́ ọkọ̀ mìíràn má sì ju 45 lọ. Ká tiẹ̀ ní awakọ̀ pa òfin mọ́, bó bá fi ìṣẹ́jú àáyá 2 péré wo ẹni tó ń pè é lórí fóònù, ọkọ̀ náà á ti rin mítà 33. Ọkọ̀ kékeré tó ń sá 100 á ti rin mítà 55, ó ju ìdajì pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ̀bi ò sì í ṣe ti onítírélà nìkan: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ló máa ń já wọ abẹ́ tírélà tó dúró jẹ́ẹ́.

Ewé àti ẹ̀ka igi ni wọ́n sábà máa ń já sẹ́yìn tírélà tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà, dípò C-caution. Ewé ò tan iná lóru. Bí wọ́n bá wá fi okùn so ọkọ̀ tó kú mọ́ òmíràn, ẹni tó wà nídìí sítíárì ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ́ ló yẹ kó mọṣẹ́ jù, torí bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, sítíárì á le, bíréèkì náà á le lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n sì máa ń fi síbẹ̀!

Ilé-Ifẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ èyí fún. Ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn wà lára ohun tó mú Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni níbẹ̀ nígbà náà, jà títí wọ́n fi dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni alága àkọ́kọ́.

FRSC ní ètò Safe-to-Load báyìí, tí wọ́n fi ń yẹ táńkà wò ní dípò kó tó gbé epo. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí kí ọkọ̀ tó gbéra ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ pákó tó ń ti inú igbó bọ̀ kì í gba dípò kọjá. Ẹni tó máa ń rí i kó tó bọ́ sójú títì ni ọmọ ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Òun ló lè bẹ̀rẹ̀ wo táyà, kó fa okùn ẹrù wò bóyá ó le, kó bèèrè C-caution, kó tó gba owó rẹ̀.