Ẹsẹ̀ Ìyá Kì í Ṣe Ìjókòó Ọmọ Nínú Mọ́tò

Èrò kan gbilẹ̀ láti Ọ̀sì dé Ilọ́fà pé kò sí ibi tó dára fún ọmọ kékeré nínú mọ́tò bí orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ní gáréèjì, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, ó sì ti ń sú etí. Ìdí tí wọ́n ní ni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ọmọ tó ìyá rẹ̀, nítorí náà kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn, àmọ́ mọ́tò kò mọ ìfẹ́.

Mọ́tò tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń gbé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sáré bákan náà. Bí ó bá forí sọ igi, mọ́tò ló dúró. Ohun tí a kò dè mọ́ ọn kò tíì dúró. Eré tó ń bá bọ̀ ló ń sá lọ síwájú, títí yóò fi pàdé ohun tó máa dá a dúró. Ọmọ ọdún méjì sábà máa ń wọ̀n tó kìlógíráàmù 12. Bí eré náà bá tán láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára tí ìyá nílò láti di ọmọ mú tó èyí tí a fi ń gbé ẹrù kìlógíráàmù 170, ó sì ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lọ. Obìnrin wo ló ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lórí ìjókòó, láìrò tẹ́lẹ̀, bóyá nígbà tó ń tòògbé? Bí eré bá sì tó kìlómítà 100, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni.

A kò tíì mẹ́nu kan ara ìyá fúnra rẹ̀. Bí kò bá de bẹ́líìtì, òun náà yóò fò síwájú, ọmọ ni yóò sì há sí àárín òun àti ẹ̀yìn ìjókòó iwájú. Àwọn tó ń fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo de tìyátọmọ rò pé ọgbọ́n ni wọ́n gbọ́n: bẹ́líìtì kò ní yẹ̀, gbogbo ìwúwo ìyá ló máa ti ọmọ mọ́ ọn. Ẹni tó pọn ọmọ, tó wá fẹ̀yìn ti ìjókòó, ti sọ ọmọ di tìmùtìmù. Orí ọmọ ọdún méjì tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gígùn ara rẹ̀, ọrùn tó gbé e kò sì tíì gbó.

Lára àwọn ère Ẹpa ilẹ̀ Èkìtì, a máa ń rí ìyá tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, tó tún pọn òmíràn. Ọ̀sì mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni Aréògún agbẹ́gilére, tó kú ní 1954, ti ṣiṣẹ́. Ọmọ inú ère kì í bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, nítorí igi kan náà ni wọ́n ti gbẹ́ àwọn méjèèjì. Ẹran ara kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó tún ń bíni nínú ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní gáréèjì kan náà. Awakọ̀ yóò fi okùn di iṣu mọ́ bùútù, yóò fà á, yóò tún un fà, kí ó má bàa já bọ́ lójú ọ̀nà Òmù-Àrán. Iṣu rí okùn, ọmọ rí ìfẹ́ ìyá! Ọmọ tí a gbé lẹ́sẹ̀ kì í sanwó ọkọ̀, òtítọ́ tó fara pamọ́ sábẹ́ ìfẹ́ yìí nìyẹn.

Àwọn kan ní ọ̀nà jíjìn nìkan ló léwu. Bí wọ́n bá ti wọ Ìlọrin, wọn á jẹ́ kí ọmọ dúró láàárín ìjókòó méjì iwájú, kó máa wòran ìlú. Àṣìṣe ńlá ni. Awakọ̀ tó mọ gbogbo kòtò tó wà láàárín Ọ̀sì àti Òmù-Àrán kò mọ ibi tí yóò yà sí ní Gáréèjì Ọ̀fà tàbí Gérí Àlímì. Ó ń wo àkọlé, ó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọlọ́kadà, ó sì ń tẹ búréèkì lójijì. Búréèkì òjijì kan ṣoṣo tó láti gbé ọmọ tó dúró sọ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ti pé àdúrà ló ń dáàbò bo ọmọ: àwọn tó ń gbà á náà ń ti ilẹ̀kùn wọn lálẹ́. Ti pé ọmọ yóò sunkún bí a bá dè é: kó sunkún, ẹkún kì í ṣẹ́ ọrùn. Ti pé ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé àwọn àgbà òní náà sí, tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n: àwọn tí nǹkan ṣe kò sí láyé láti wá jẹ́rìí.

Àga ọmọdé tí a dè mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni ibi tó yẹ ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lè dín ikú ọmọ nínú ìjàm̀bá mọ́tò kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó rówó ra mọ́tò rówó ra àga, bí mọ́tò náà tilẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ èrò yóò sanwó ìjókòó kan fún ọmọ, yóò so àga mọ́ ọn, yóò sì sọ fún awakọ̀ kí ọkọ̀ tó kún, torí bó bá ti kún, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.